Ta Ló Pè Yín? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwọn áàpù mogbọ́moyà tó ń bá kọ̀ǹpútà jí

Iṣẹ́ àtúnṣe láptọ́ọ̀pù ni mo ń ṣe, Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu oníbàárà ni, “Ẹ̀ńjíníà, ó ti ń lọ́ra jù, ẹ bá mi fọ́mátì ẹ̀,” ìyẹn ni pé kí n nu gbogbo inú rẹ̀, kí n sì tún Windows fi sí i. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo máa ń ṣí ojú ewé kan péré wò, èyí tí orúkọ àwọn áàpù tó ń bá kọ̀ǹpútà jí wà. Àìmọye ìgbà ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń parí sí, a ò ní fọ́mátì nǹkan kan, oníbàárà á sì gbé ẹrù rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lórí ojú ewé yẹn ni mo kó jọ síbí. Windows 10 àti 11 ni mo ń bá wí, àfi níbi tí mo bá ti dárúkọ òmíràn.

Mo ti tẹ password mi, ojú kọ̀ǹpútà ti yọ, àmọ́ kò gbọ́ tèmi. Kí ló ń ṣe é?

Èrò ló ń ṣe é. Bí ẹ ṣe ń wọlé báyìí, Windows á wo ibi tí orúkọ àwọn áàpù tó gbọ́dọ̀ bá a jí wà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí wọn. Ọ̀kan ń wá update, èkejì ti wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ wò ó bóyá ẹnì kan pè yín, ẹ̀kẹta ò ní iṣẹ́ kankan ju kó gbé àwòrán ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Gbogbo wọn ló ń du dísìkì kan ṣoṣo, ẹ̀yin náà sì tún ti ń tẹ Word mọ́ ọn.

Tó bá jẹ́ hard disk àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, ìyà náà á pọ̀. Àwo ló wà nínú irú hard disk bẹ́ẹ̀, tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Apá tó ń ka ohun tó wà lórí àwo náà ò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ronú dáńfó tó yà sí Ìwó Road, tí èèyàn mẹ́tàdínlógún ń rọ́ lu ilẹ̀kùn kan. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà ò ní àrùn. Ẹnu ọ̀nà ni ò gbà wọ́n.

Mẹ́tàdínlógún yẹn, mo kà á ni o. Màmá kan tó ń ṣe tíṣà ló gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wá lọ́dún tó kọjá. Ó ní òun máa ń tan án kalẹ̀ kí òun tó lọ wẹ̀, tí òun bá fi máa wọṣọ tán, á ti ṣeé lò. Mo fi fóònù ka ìṣẹ́jú: mẹ́rin àti ààbọ̀. Áàpù mẹ́tàdínlógún ló ń bá a jí. Méjì jẹ́ ti ìpàdé orí fídíò, ọ̀kan jẹ́ ti géèmù, ọ̀kan sì jẹ́ ti printer kan tí màmá yìí ò fojú rí rí. Ẹni tó kọ́kọ́ ni láptọ́ọ̀pù náà lókè òkun ló ni printer. A fi mẹ́rin sílẹ̀, a dá ìyókù dúró. Ó di ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Màmá wò mí, wọ́n ní, “Ìgbà wo ni kí n wá máa wẹ̀ báyìí?”

Èmi ò kúkú pè wọ́n. Ta ló fún wọn láyè?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yin náà ni, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Nígbà tí ẹ ń fi áàpù yẹn sórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ ń tẹ Next, Next, Next bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà, àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti bá yín máàkì sílẹ̀, tó ń sọ pé kí áàpù náà máa jí pẹ̀lú Windows. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ bèèrè. Àwọn kan bá láptọ́ọ̀pù yín dé láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Tòkunbọ̀ tí ẹni tó tà á fún yín ò nù dáadáa, ẹrù onílé àkọ́kọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Mogbọ́moyà ni gbogbo wọn: wọ́n gbọ́ ìlù, wọ́n yà síbẹ̀, wọ́n sì ń retí ìrẹsì.

Ibo ni mo ti máa rí orúkọ wọn?

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Ohun tó yọ yẹn ni wọ́n ń pè ní Task Manager. Lórí Windows 10, tó bá yọ ní kékeré, ẹ tẹ “More details” nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá tẹ “Startup” lókè. Lórí Windows 11, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lápá òsì kí orúkọ àwọn ojú ewé lè hàn, kí ẹ sì yan “Startup apps”.

Ẹ ó rí orúkọ áàpù, ẹni tó ṣe é, àti ọ̀rọ̀ kan nínú méjì: “Enabled” ni pé ó ń jí, “Disabled” ni pé ẹ ti dá a dúró. Ẹ tẹ orí “Status” lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àwọn tó ń jí á tò sójú kan. Ẹ wá tẹ èyí tí ẹ ò fẹ́, kí ẹ tẹ bọ́tìnì “Disable”. Ó parí. Ẹ tan kọ̀ǹpútà náà ní àtúntan kí ẹ rí ìyàtọ̀.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rù Task Manager, ọ̀nà mìíràn wà látọdún 2018: ẹ lọ sí Settings, Apps, Startup. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ ti Settings jọ ibi tí wọ́n ti ń pa iná yàrá. Kì í fi gbogbo nǹkan hàn bíi ti Task Manager, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn rẹ̀.

Kí ni High, Medium àti Low tí mo ń rí níbẹ̀?

Ìwọ̀n wàhálà tí áàpù náà ń kó bá kọ̀ǹpútà nígbà tó bá ń jí ni. Microsoft ló fi ìwọ̀n lé e: tí áàpù kan bá gba ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́wọ́ processor tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tàbí tó ka tàbí kọ ohun tó ju 3 MB lọ sórí dísìkì, High ni. Èyí tí kò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò sì tó 300 KB, Low ni. Ẹni tó wà láàárín ni Medium. “Not measured” túmọ̀ sí pé Windows ò tíì wọ̀n ọ́n, bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sórí kọ̀ǹpútà ni.

Ẹ má sọ ọ́ di òrìṣà o. Low mẹ́wàá lè fa kọ̀ǹpútà ju High kan lọ, High kan sì lè jẹ́ ohun tí ẹ nílò gan-an.

Tí mo bá tẹ Disable, ṣé áàpù náà á parẹ́? Ṣé fáìlì mi ò ní lọ?

Kò sí ohun tó ń lọ. Áàpù yín wà níbi tó wà, fáìlì yín wà níbi tó wà. Ohun tí ẹ sọ fún un kò ju pé, “Dúró síta, tí mo bá nílò rẹ màá pè ọ́.” Ẹ lè padà tẹ “Enable” lọ́la. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù, kó fi fóònù ya àwòrán ojú ewé náà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Èwo ni kí n fi sílẹ̀, èwo ni kí n dá dúró?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ohun kan ni mo máa ń bi oníbàárà lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan: “Tí ẹ bá jí láàárọ̀, ṣé ẹ máa fọwọ́ ara yín ṣí èyí kí aago mẹ́wàá tó lù?” Tí wọ́n bá rò ó pẹ́, mo ti mọ ìdáhùn.

Spotify, Steam, Discord, Zoom, Teams, Telegram, gbogbo áàpù torrent tí wọ́n fi ń wa fáìlì ńlá: ẹ dá wọn dúró, àfi tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀gá yín ti ń pè yín lójoojúmọ́. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin, ẹ̀yin náà lẹ máa ṣí i. Áàpù printer tó ń sọ fún yín pé inki ti ń tán, ẹ dá a dúró. Printer á ṣì tẹ̀wé. Microsoft Edge náà lè wà níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé Chrome lẹ ń lò.

Ẹ fi ti ohùn sílẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ Realtek. Ẹ fi ti ibi tí ìka ti ń rìn lórí láptọ́ọ̀pù sílẹ̀, bíi Synaptics tàbí ELAN. Mo ti rí ẹni tó dá a dúró, tó wá sọ fún mi pé ìka méjì ò fa ojú ewé sókè mọ́, ó rò pé láptọ́ọ̀pù ti bàjẹ́. “Windows Security notification icon” náà, ẹ fi í sílẹ̀. Àwòrán lásán ni o, ẹ̀ṣọ́ gangan kò gba ibẹ̀ jí, àmọ́ àwòrán yẹn ló máa ń sọ fún yín tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

OneDrive, áàpù Microsoft tó ń bá yín tọ́jú fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Wọ́n máa ń dá a dúró fún gbogbo èèyàn láìbèèrè. Èmi máa ń bèèrè. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ti wá bá mi tẹkúntẹkún: láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣubú, hard disk kú, ó sì ní ọkàn òun balẹ̀ torí gbogbo project òun wà lórí OneDrive. A wọlé síbẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti oṣù márùn-ún sẹ́yìn, torí ẹnì kan ti bá a dá OneDrive dúró kí láptọ́ọ̀pù lè yá. Tí ẹ bá ń lò ó, ẹ fi sílẹ̀. Tí ẹ ò bá mọ ohun tó ń jẹ́ OneDrive rárá, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn ìwé yín wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Orúkọ kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ rí.

Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan “Open file location”. Á mú yín lọ síbi tí fáìlì náà ń gbé. Tó bá wà nínú C:\Windows\System32, tí Microsoft sì ni ẹni tó ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá wà nínú fódà Temp tàbí AppData, tí orúkọ rẹ̀ kàn jẹ́ lẹ́tà tí kò nítumọ̀ bíi ẹni tó jókòó lé kíbọ́ọ̀dù, tí ibi tí wọ́n ń kọ ẹni tó ṣe é sí sì ṣófo, ẹ dá a dúró kíá, kí ẹ ní kí Windows Security yẹ kọ̀ǹpútà náà wò. Èyí tí wọ́n ń pè ní “Offline scan” ni mo fẹ́ràn jù, torí ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí fáírọ́ọ̀sì náà tó jí.

Àmọ́ o, ẹ má ro pé olè ni gbogbo ohun tó wà nínú AppData. Telegram ń gbé ibẹ̀, Spotify náà ń gbé ibẹ̀.

Ọ̀kan wà tó kàn ń jẹ́ “Program”, kò ní àwòrán, kò ní ẹni tó ṣe é. Ṣé fáírọ́ọ̀sì ni?

Ó ṣọ̀wọ́n. Òkú ni. Áàpù kan ti wà níbẹ̀ rí, ẹ ti yọ ọ́ kúrò, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé. Ọ̀nà tó lọ síbi tó ń gbé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C:\Program Files. Nígbà tí Windows ò bá rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ó ka ọ̀nà náà dé ibi àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó sì pe ohun tó rí ní “Program”. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ “Name” tàbí “Status” tó wà lókè àtòkọ náà, kí ẹ máàkì “Command line”, ẹ ó rí orúkọ olóògbé ní kíkún. Ẹ dá a dúró.

Mo dá a dúró lánàá, ó tún jí lónìí!

Ó ṣeé ṣe kí áàpù náà fúnra rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún un, tó sì ń dá ara rẹ̀ padà nígbàkigbà tó bá gba update. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé rẹ̀. Nínú Spotify, ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tó ti ń bèèrè bóyá kí òun máa ṣí tí ẹ bá wọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ yan “No”. Nínú Steam, ó wà ní Settings, Interface. Nínú Telegram, Settings, Advanced. Edge ní ohun kan tó ń jẹ́ “Startup boost” nínú Settings rẹ̀, lábẹ́ System and performance. Ẹ pa á. Chrome náà máa ń wà láàyè lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á. Ẹ wá “Continue running background apps” nínú Settings, System.

Kò sí nínú àtòkọ yẹn, síbẹ̀ mo ń rí i tó ń jí.

Ilé náà ní ilẹ̀kùn ju ọ̀kan lọ. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ taskschd.msc: Task Scheduler nìyẹn, níbi tí áàpù ti lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ pé “tí onílé bá ti wọlé, ẹ jí mi.” Ẹ kọ services.msc, ẹ ó rí àwọn tó ń jí kí ẹ tó tilẹ̀ tẹ password. Níbi services yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ pa ohun tí ẹ ò mọ̀. Ohùn, íntánẹ́ẹ̀tì, printer, gbogbo wọn ń gba ibẹ̀ jáde. Tó bá jẹ́ dandan, ẹ sọ ọ́ di “Manual”, ẹ má sọ ọ́ di “Disabled”.

Ohun tí èmi ń lò fún irú èyí ni áàpù kan tó ń jẹ́ Autoruns. Ọ̀fẹ́ ni, orí ìkànnì Microsoft ni wọ́n ti ń gbà á. Mark Russinovich àti Bryce Cogswell ló ṣe é, kí Microsoft tó ra ilé iṣẹ́ wọn lọ́dún 2006. Ó máa ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù á sì ba ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, torí àtòkọ náà gùn. Ẹ lọ sí Options, kí ẹ máàkì “Hide Microsoft Entries”, á kéré. Èyí tó bá ní àwọ̀ ìyeyè, fáìlì rẹ̀ ti sọnù. Èyí tó bá ní àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́, Windows ò rí ẹni tó fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni kí ẹ fojú sí. Ẹ kàn yọ máàkì tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ má tẹ Delete, torí ẹni tó bá yọ máàkì lè dá a padà, ẹni tó bá tẹ Delete ò lè dá a padà.

Wọ́n ní kí n lo msconfig, mo rí i lórí YouTube.

Fídíò yẹn ti pẹ́. Irinṣẹ́ ìṣètò tó bá Windows wá ni msconfig, ayé Windows 7 ni wọ́n ti ń lò ó fún èyí. Látìgbà tí Windows 8 ti dé lọ́dún 2012, tí ẹ bá ṣí ojú ewé Startup rẹ̀, á kàn dárí yín sí Task Manager ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn fídíò tó ní kí ẹ lọ sí “Boot”, kí ẹ sì yan iye processor kí kọ̀ǹpútà lè sáré. Irọ́ ni. Tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, gbogbo processor ni Windows ń lò tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ lè dín in kù ni. Ẹni tó bá sì ṣèèṣì máàkì “Safe boot” níbẹ̀, Safe Mode, níbi tí Windows ti ń jí pẹ̀lú ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ péré, ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa bá jí títí yóò fi padà lọ yọ ọ́.

Áàpù tó ń fọ kọ̀ǹpútà ńkọ́, tó ní òun á mú un yá?

Ẹ lọ wo Task Manager lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi í sí i. Òun náà á ti wà níbẹ̀.

Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tan án, gbogbo ohun tí mo ṣí lánàá tún ṣí. Mi ò sì rí wọn nínú Startup.

Èyí yàtọ̀. Windows ló ń ṣe ọmọlúwàbí, ó rò pé ẹ fẹ́ bá iṣẹ́ lọ láti ibi tí ẹ dúró. Ẹ lọ sí Settings, Accounts, Sign-in options, kí ẹ pa ohun tó ń sọ̀rọ̀ nípa “restartable apps”. Ẹ rántí náà pé látìgbà Windows 8, “Shut down” kì í pa kọ̀ǹpútà tán tí Fast startup bá wà níbẹ̀. Windows ń kọ apá kan ara rẹ̀ sórí dísìkì kó lè tètè jí. Tí ẹ bá fẹ́ kó jí tuntun pátápátá, “Restart” lẹ máa tẹ̀.

Dátà mi ń tán bí mi ò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ṣé àwọn náà ni?

Wọ́n wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá fi fóònù ṣe hotspot, láptọ́ọ̀pù ò mọ̀ pé owó yín ló ń jẹ. Wi-Fi lásán ló rí. Àwọn tó bá a jí á bẹ̀rẹ̀ sí í fa update. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dín wọn kù, ẹ lọ sí Settings, Network & internet, ẹ yan Wi-Fi fóònù yín, kí ẹ tan “Metered connection”, tó ń sọ fún Windows pé dátà yín ní ìwọ̀n. OneDrive á dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀, Windows náà á fi ọ̀pọ̀ update sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni tèmi.

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe àwọn tó ń bójú tó o.

Mac ni mo ń lò. Ẹ̀gbọ́n mi ń lo Ubuntu.

Lórí Mac, láti Ventura tó jáde ní 2022, ó wà ní System Settings, General, Login Items. Ẹ tẹ orúkọ, kí ẹ tẹ àmì ìyọkúrò nísàlẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ ní bọ́tìnì tiwọn lójú ewé kan náà. Lórí Ubuntu, ẹ wá “Startup Applications”.

Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀, kò yàtọ̀ tó bí mo ṣe rò.

Ẹ wo òkè ojú ewé Startup lápá ọ̀tún, ẹ ó rí “Last BIOS time”. Ìyẹn ni ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀rọ náà lò kí Windows tó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tó bá pọ̀ gan-an, áàpù kọ́ ló fà á. Tó bá kéré, tó sì jẹ́ hard disk àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, ẹ fi owó tí ẹ fẹ́ fi fọ́mátì kún owó tí ẹ máa fi ra SSD, dísìkì ìgbàlódé. SSD ò ní àwo tó ń yí, kò ní apá tó ń sáré kiri, ilẹ̀kùn dáńfó ti fẹ̀. Mo mọ̀ pé oníṣòwò ni mí, àmọ́ kò sí ohun tí mo tíì fi sí láptọ́ọ̀pù tí oníbàárà padà wá dúpẹ́ lé lórí bíi rẹ̀.

Ṣé èmi náà lè fi áàpù kan síbẹ̀, kó máa jí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ shell:startup, kí ẹ tẹ Enter. Fódà kan á ṣí, ó lè ṣófo. Ẹ fi shortcut ohun tí ẹ fẹ́ sínú rẹ̀, áàpù ni o, fáìlì ni o. Mo bá oníṣòwò kan tó ń ta síméńtì fi ìwé Excel tó ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ sí síbẹ̀. Bó bá ti tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, kó tó jókòó dáadáa, orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ti wà lójú rẹ̀.